Báàtì Tí Ó Bá Ọwọ́ Ẹni Mu

Ajíṣe-bí-Ọ̀yọ́ ni à ń rí, Ọ̀yọ́ kì í ṣe bí ẹnìkan. Gbólóhùn yìí ni àwa ará Afijió, láti Fìdítì títí dé Ìlọrà tí ó múlé ti Ọ̀yọ́ Aláàfin, fi ń yangàn níbikíbi tí wọ́n bá ti bi wá léèrè ọmọ ẹni tí a í ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo bí àwọn ọ̀dọ́ wa, àti àwọn bàbá wọn tí kò tíì gbà pé ọjọ́ ti lọ, ṣe ń yan ohun èlò eré ìdárayá láyé òde òní, kò ní pẹ́ rí i pé àwa náà ti di ajíṣe-bí-ará-Ṣáínà, ajíṣe-bí-ará-Súwídìn, a sì ń san owó gọbọi lé e lórí. Báàtì tẹ́níìsì orí tábìlì ni mo ń sọ.

Ní ìparí ọdún, nígbà tí àwọn ọmọ wa tí ń bẹ ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà bá ń rọ́ wálé wá ṣe ọdún, tàbí tí wọ́n bá di ẹrù ránṣẹ́ sílé, kò ṣọ̀wọ́n mọ́ kí a bá báàtì kan nínú ẹrù náà, nínú àpò tirẹ̀ lọ́tọ̀, oníkábọ́ọ̀nù, irú èyí tí àwọn tí ń gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé fi ń gbá. Ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí, àbúrò tí ó ń gbá a nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ oko tàbí lẹ́yìn ilé-ìwé, lórí tábìlì tí káfíńtà àdúgbò kàn, tí pákó tín-ín-rín kan tí a gbé lé bíríkì méjì sì dúró fún nẹ́ẹ̀tì, yóò gbà á tayọ̀tayọ̀, yóò máa yí i síwá yí i sẹ́yìn, yóò sì máa rò ó lọ́kàn pé agbára ẹni tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí èèkù báàtì náà ti wọ apá òun. Èmi rò pé ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ kò ṣe ẹni tí ó gbà á lóore, bí ó ti wù kí ìfẹ́ tí a fi fi í ránṣẹ́ pọ̀ tó.

Kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń rà. Bí a bá fi ayùn rẹ́ báàtì dáadáa kan wo inú rẹ̀, pákó pẹlẹbẹ márùn-ún tàbí méje ni a ó bá níbẹ̀, tí a fi àtè lẹ̀ mọ́ ara wọn. Àárín tí ó nípọn jù sábà máa ń jẹ́ igi arère, nítorí pé ó fúyẹ́, kò sì tètè sán. Ara òde tí ó máa ń kan rọ́bà sì sábà máa ń jẹ́ igi afàrà, tí àwọn ará Yúróòpù ń pè ní limba, igi tí ó rọ̀ díẹ̀, tí ó máa ń di bọ́ọ̀lù mú fún ìṣẹ́jú akàn kí ó tó jù ú padà. Igi ilẹ̀ wa ni méjèèjì, inú igbó Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti ń hù, àwọn agégẹdú wa sì mọ̀ wọ́n bí ẹni mowó. Ẹni tí ó bá ń ra báàtì láti Jámánì tàbí Japan, tí ó sì rò pé ohun àjèjì ni òun rà, igi tí baba rẹ̀ ti fi kan àjà ilé rí ni ó gbé lọ́wọ́. Òfin ITTF, àjọ tí ń ṣàkóso eré náà lágbàáyé láti 1926, kò sọ bí báàtì ṣe gbọdọ̀ tóbi tó, kò sọ irú ìrísí tí yóò ní, kò sì sọ bí yóò ṣe wúwo tó; ohun tí ó béèrè ni pé kí pákó náà tẹ́jú, kí ó le, kí igi gidi má sì dín ní ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ìnípọn rẹ̀. Inú ìdá 15 tí ó ṣẹ́kù ni àwọn oníléeṣẹ́ ti ráyè fi òwú kábọ́ọ̀nù sí, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń rí owó àwọn ènìyàn wa jẹ.

Ìgbàgbọ́ pé inú báàtì ni agbára wà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1952, níbi ìdíje àgbáyé tí a ṣe ní Bombay ní ilẹ̀ Íńdíà, ọmọ Japan kan, Hiroji Satoh, gbé báàtì tí a fi fóòmù nínípọn bò wọlé. Títí di ìgbà náà, ko-ko-ko ni bọ́ọ̀lù máa ń dún lára rọ́bà, etí ni àwọn àgbà òṣèré sì fi ń mọ bí bọ́ọ̀lù yóò ṣe wá, ṣùgbọ́n ti Satoh kò dún rárá, ó kàn ń fò jáde ni, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe gba adé àgbáyé lọ́wọ́ wọn. Láti ìgbà náà wá ni gbogbo ayé ti ń wá báàtì tí yóò ṣe iṣẹ́ apá, tí wọ́n sì ń gbàgbé pé báàtì oní-fóòmù di ti gbogbo ènìyàn láìpẹ́ ọjọ́, tí ó sì tún wá ku apá àti ojú.

Ẹ wo ohun tí báàtì kábọ́ọ̀nù ń ṣe fún ẹni tí kò tíì gbó nínú eré náà. Bọ́ọ̀lù kò ju gíráàmù 2.7 lọ, ìlàjì tábìlì tí ó gbọdọ̀ bà lé kò sì ju mítà kan àti díẹ̀ lọ ní gígùn. Ẹni tí ó ti gbó mọ bí a ṣe ń fi rọ́bà họ ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, tí bọ́ọ̀lù yóò fi máa yí bírí bírí, tí yíyí náà yóò sì fà á wálẹ̀ sórí tábìlì bí ó ti wù kí ó yá tó. Ọmọ tiwa kò tíì mọ èyí. Ó fi báàtì kan bọ́ọ̀lù ní pẹrẹsẹ, bọ́ọ̀lù fò kọjá òpin tábìlì, ó lọ bá àwọn adìẹ nídìí odi. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún rí bákan náà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọgbọ́n: kò na apá mọ́, ó ká a kò mọ́ ìhà, ó ń fi báàtì olówó ńlá náà ti bọ́ọ̀lù díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Báyìí ni báàtì tí a rà kí ó lè sọ ọ́ di akin ṣe sọ ọ́ di ojo, àṣà ìkápákò yìí sì ṣòro láti gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ti mọ́ lára. Ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni í bá ni mu.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, “Àwa náà ní akọni nílé.” Bẹ́ẹ̀ ni. Ní Ọ̀yọ́ tí a lè rìn lọ láti Ìlọrà ni a gbé bí Quadri Aruna ní 1988, ọmọ akin tí ó na Timo Boll ará Jámánì ní Rio ní 2016, tí ó fi wọ ìpele ẹni mẹ́jọ nínú ìdíje Òlíńpíìkì kí Ma Long ará Ṣáínà tó dá a dúró. Ní 2021, ó tún dé ìpele ẹni mẹ́jọ nínú ìdíje àgbáyé ní Houston, Truls Möregårdh, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Súwídìn, sì ni ó lé e jáde. Báàtì onígun mẹ́fà ni Möregårdh fi ṣe é, ohun tí ojú kò rí rí nírú ibẹ̀. Ó sì fi dé àṣekágbá kí Fan Zhendong tó ṣẹ́gun rẹ̀. Kíá ni àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé káàkiri ayé bẹ̀rẹ̀ sí í wá báàtì onígun mẹ́fà rà. Bí ẹ bá bi mí, àwọn ìgun yẹn kò gba ẹyọ àmì kan fún wọn. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà tí a ń wí yìí ni àìmọye wákàtí tí Aruna àti Möregårdh ti lò nídìí tábìlì láti kékeré, ẹnikẹ́ni kò sì lè fi í sínú àpótí ránṣẹ́.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbi ìdíje Òlíńpíìkì ní Paris ní 2024 tún fi ojú mìíràn ọ̀rọ̀ yìí hàn wá. Wang Chuqin ará Ṣáínà, ẹni tí ó wà ní ipò kìíní lágbàáyé nígbà náà, gba góòlù takọtabo pẹ̀lú Sun Yingsha ní ọjọ́ 30 oṣù Keje. Bí àwọn ayàwòrán ṣe rọ́ yí wọn ká, wọ́n tẹ báàtì rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, nínú ìdíje ẹlẹ́nìkan, ó gbé báàtì mìíràn tí ó ní lọ́wọ́ wọlé, Möregårdh tí a ti dárúkọ rẹ̀ yìí sì lé e jáde. Èmi kò ní sọ pé báàtì nìkan ni ó ṣe é, òun alára kò sì fi ṣe àwáwí. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó mọ eré yìí jù láyé bá ní báàtì kan tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀, tí ó sì ká a lára tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó ṣẹ́, kí ni àwa fi ń pààrọ̀ tiwa lọ́dọọdún nítorí pé ilé-iṣẹ́ kan gbé òmíràn jáde?

Àṣìṣe yìí kò mọ sórí tábìlì. Ìròyìn kan náà ni a ń gbọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ọkọ̀ ojú omi ń fi okùn fà sáré lórí omi, tí ẹsẹ̀ wọn wà lórí pákó síkì. Ọmọ ọdún 18 kan, Ralph Samuelson, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1922 lórí adágún Pepin ní Minnesota ní Amẹ́ríkà. Pákó lásán ni ó rà, ó sì se orí rẹ̀ nínú ìkòkò ìyá rẹ̀ kí ó lè tẹ̀ sókè. Lónìí, àwọn tí ń díje lórí pákó ẹyọ kan ṣoṣo, tí wọ́n ń pẹ́kọrọ yí bọ́ì mẹ́fà tí ń léfòó lórí omi po, ń lo pákó tóóró, èyí tí a ṣe fún eré kìlómítà 55 tàbí 58 ní wákàtí kan. Ẹni tí ó kàn fẹ́ gbádùn omi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ iṣẹ́, tí ọkọ̀ rẹ̀ kì í sì í yá tó bẹ́ẹ̀, bí ó bá ra irú pákó náà, yóò máa rì ni, apá àti ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì máa ro ó kí ó tó dìde nínú omi. Pákó tí ó fẹ̀ díẹ̀, tí ó lè gbé ẹni tí ó sanra tó o nígbà tí ọkọ̀ kò sáré púpọ̀, ni ó yẹ ẹ́. Ìwọ̀n ara ẹni àti eré tí ọkọ̀ ẹni ń sá ni oníṣòwò olóòótọ́ máa ń kọ́kọ́ bèèrè, kò ní bèèrè ẹni tí ó gba ife-ẹ̀yẹ lọ́dún tó kọjá. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Èwo wá ni kí ọmọ Fìdítì rà? Onípele márùn-ún, igi lásán, kò sí kábọ́ọ̀nù nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì tẹ èèkù idà kì í bèèrè ikú tí ó pa baba rẹ̀, èèkù náà ni mo sì ní kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò: kí ó bọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́ láìfún un pa, kí ìka má sì ṣe pàdé ara wọn jù. Báàtì tí a ti lẹ rọ́bà mọ́ lójú méjèèjì sábà máa ń wọn gíráàmù 170 sí 190. Ọwọ́ ọmọdé fẹ́ èyí tí ó fúyẹ́ jù. Rọ́bà ni kí a má fi ṣe awun, nítorí rọ́bà tí ó ṣì ń di bọ́ọ̀lù mú ṣe pàtàkì ju pákó tí ó yá lọ, kí fóòmù abẹ́ rẹ̀ sì wà láàárín mìlímítà 1.5 sí 1.8, kì í ṣe èyí tí ó nípọn dé góńgó òfin. Bí ọyẹ́ bá dé, tí eruku pupa ilẹ̀ wa bá bo ohun gbogbo, rọ́bà náà yóò di jọ̀lọ̀, bọ́ọ̀lù yóò sì máa yọ̀ lára rẹ̀. Omi díẹ̀ àti aṣọ mímọ́ ni ìwòsàn rẹ̀, lẹ́yìn eré, kí a sì dá a padà sínú àpò. Ní ti báàtì oníyanrìn lásán tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá lọ́jà, ohun ìṣeré ni, kò lè kọ́ ọmọ ní ohunkóhun.

Owó báàtì oníkábọ́ọ̀nù kan, pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀ méjèèjì, lè ra irú báàtì onípele márùn-ún tí mo ṣe àlàyé yìí bí i márùn-ún, kí ó sì tún ṣẹ́ ku. Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin ọmọ Afijió lẹ́yìn odi, àti sí ẹ̀yin ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde Fiditi Grammar School àti ti Ilora Baptist Grammar School, ni pé kí ẹ gbé owó náà gba ọ̀nà mìíràn lọ́dún yìí: ẹ pawọ́ pọ̀ ra tábìlì gidi, oní-mítà 2.74 ní gígùn àti 1.525 ní ìbú, pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì tí ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 15.25, báàtì mélòó kan àti bọ́ọ̀lù tí kò ní tètè tán, kí ẹ sì gbé wọn sí ibi tí ọmọ gbogbo ènìyàn ti lè dé. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Afijió ní Jọ́bẹ̀lẹ̀, ilẹ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì ṣe, òrùlé kan àti iná mànàmáná nírọ̀lẹ́ ni tiyín. Kí ẹni tí ó ti ra báàtì ọdún yìí tẹ́lẹ̀ kí ó tó ka èyí sì bá wa gbé e fún ọmọ tí ó ti ń gbá a dáadáa.