Ẹ Yà Síbi Tábìlì Yẹn, Ẹ Ra Nǹkan

1/ Ẹ̀yin tèmi, tẹ́ ẹ bá lọ wo báńdì ní Odùduwà Hall, OAU, kẹ́ ẹ tó sáré wá ọ̀kadà, ẹ yà síbi tí wọ́n ti ń ta T-shirt àti fìlà wọn. Ẹ ra nǹkan.

2/ Àwa Yorùbá kì í kúkú ṣahun sólórin. Látìgbà Ebenezer Obey àti King Sunny Adé la ti ń lẹ owó mọ́ wọn níwájú orí lóde àríyá. Kí ló dé tó bá di T-shirt, a ó ní ó wọ́n? Ẹ tiẹ̀ máa gbé ẹ̀wù délé.

3/ "Mò ń gbọ́ wọn lórí Spotify, ó ti tó." Kò tó o. Láti 2024, orin tí wọn ò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù 12, Spotify ò ní san kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Ẹ wá ro ti báńdì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ wò.

4/ Báńdì kì í ṣe ẹni tó gbé máìkì nìkan. Onígìtá ń bẹ, onígángan ń bẹ. Owó tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ṣètò eré lè ti yọ tiẹ̀ kó tó kàn wọ́n. Ti tábìlì ló sábà máa ń dé ọwọ́ wọn tààrà.

5/ N ò ní kẹ́ ẹ fowó oúnjẹ ra ẹ̀wù o. Tápá ò bá ká T-shirt, ẹ ra sítíkà. Ẹ̀yin báńdì náà, ẹ má ta ẹ̀wù tó máa ṣá ní fífọ̀ kan fún wa.

6/ Àtẹ́wọ́ dáa, àmọ́ kì í ra okùn gìtá. Ẹ ta á látaré.