Orúkọ Tí A Kọ Sára Òkúta

Ní ilẹ̀ Íńdíà, ọ̀pọ̀ àlejò a máa kúrò ní Delhi ní kùtùkùtù láti lọ wo Taj Mahal ní ìlú Agra, wọn a sì padà ní alẹ́ ọjọ́ kan náà. Afinimọ̀nà a sọ fún wọn pé ọba Shah Jahan ni ó kọ́ ibojì funfun náà fún aya rẹ̀, Mumtaz Mahal, tí ó kú ní ọdún 1631. Àwọn kan a tún fi kún un pé ọba gé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ nígbà tí iṣẹ́ parí. Ìtàn yìí kò ní ẹ̀rí.

Ohun tí ó ní ẹ̀rí wà lára ògiri. Amanat Khan ni ó kọ àwọn ẹsẹ Kùránì síbẹ̀. Ó mú kí lẹ́tà máa tóbi sí i bí wọ́n ti ń lọ sókè, kí wọ́n lè dọ́gba lójú ẹni tí ó dúró nísàlẹ̀. Ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ṣe làálàá níbẹ̀. A kò mọ orúkọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn.

Nítorí náà, kí àlejò má ṣe fi gbogbo ọjọ́ ya àwòrán. Kí ó béèrè ohun tí a kọ sára ògiri, àti ẹni tí ó kọ ọ́.