Ta Ni Ó Ń Bá Bàbá Rìn?

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá mi ní ọdún tó kọjá, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ló rọ jọwọrọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni a fi gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn, níbi tí fisíò kan ti ń fi eré ìdárayá tọ́jú wọn: bí a ṣe ń dìde lórí àga, bí a ṣe ń gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, bàbá ti ń fi ọ̀pá rìn yí ọgbà ká.

Ilé ni nǹkan ti bàjẹ́, ìfẹ́ ló sì bà á jẹ́. Bí bàbá bá ti mira láti dìde, màmá mi á ní, “Bàbá Bọ́lá, ẹ jókòó, ẹ má dààmú ara yín.” Èmi ni mò ń gbé omi wá, àbúrò mi ni ó ń wọ bàtà fún wọn. Láàárín oṣù méjì, ọ̀pá ìtilẹ̀ ti di ohun tí a fi ń lé adìẹ.

Nígbà tí a padà lọ, fisíò náà kò bá wa wí. Ó kàn béèrè pé, “Ta ni ó ń bá wọn rìn, aago mélòó sì ni?” Gbogbo wa dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà rán mi létí Ludwig Guttmann, dókítà ọmọ Júù tó sá kúrò ní Jámánì. Láti 1944 ló ti ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fi ọ̀pá ẹ̀yìn ṣèṣe ní Stoke Mandeville, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò ka eré ìdárayá sí àfikún. Ara ìtọ́jú ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní 1948, àwọn 16 díje níbẹ̀ nínú ọfà títa, láti orí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara. Ibẹ̀ ni ìdíje Paralympics ti ṣẹ̀. Àwọn ènìyàn náà ní ẹgbẹ́, wọ́n ní àsìkò, wọ́n sì ní ohun tí wọ́n ń lé.

Bàbá mi kì í ta ọfà, ayò ni wọ́n ń ta. Abẹ́ igi máńgòrò ní ìkángun àdúgbò ni ọpọ́n wà. Fisíò fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó ní ọwọ́ ọ̀tún ni kí wọ́n máa fi kó ọmọ ayò. Ọ̀rẹ́ wọn kan ń wá pè wọ́n ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ọwọ́ náà ṣì ń da ọmọ ayò sílẹ̀, àwọn alátakò wọn kì í sì í ṣàánú.

Lánàá, òjò ń rọ̀, ọ̀rẹ́ kò yọjú. Bàbá dìde, wọ́n mú ọ̀pá, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà. Màmá mi la ẹnu láti sọ̀rọ̀, wọ́n tún pa á dé. Wọ́n wọlé lọ mú agboòrùn.