Ìmọ́lẹ̀ Tí Ọwọ́ Kò Yà

Àwọn kan nínú wa gbà pé àwòrán kò lè kọ́ni ní ohun ti ẹ̀mí bí kò bá sí áńgẹ́lì tàbí àgbélébùú nínú rẹ̀. Pé igi, omi àti ojú ọ̀run, ẹ̀ṣọ́ ara ògiri lásán ni. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́rìí wa ni àwòrán títẹ̀ tí wọ́n ń pè ní "Igi Mẹ́ta", èyí tí Rembrandt, ará ilẹ̀ Họ́láńdì, ṣe ní ọdún 1643.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí a ti ń ṣe irú rẹ̀. Oníṣẹ́ a fi ìda kun ojú bàbà pẹlẹbẹ, a fi abẹ́rẹ́ ya ìlà sára ìda náà, a sì rì í sínú omi kíkan tí ń jẹ bàbà níbi tí abẹ́rẹ́ ti họ. Nígbà tí ó bá yọ ìda kúrò, a fi tàdáwà kún inú ìlà wọ̀nyí, a nu ojú bàbà mọ́, a sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ mọ́ tákàdá tí omi ti rin. Nítorí náà, òkùnkùn nìkan ni tàdáwà lè mú wá. Ìmọ́lẹ̀ ni ojú tákàdá funfun tí oníṣẹ́ fi sílẹ̀ láìfọwọ́kàn.

Ní apá òsì àwòrán náà, òjò ń bọ̀ ní ìlà títọ́ tí ó dúdú. Ìlú kan ń hàn fírífírí lọ́nà jínjìn. Ní apá ọ̀tún, igi mẹ́ta dúró lórí òkè, ojú ọ̀run sì funfun kedere lẹ́yìn wọn. Apẹja ń dẹ ìwọ̀ létí omi. Ayàwòrán kan jókòó lórí òkè, ó kọjú síbòmíràn. Olúkúlùkù wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà sì ń tàn.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti rí àgbélébùú mẹ́ta ti Kalfari nínú igi wọ̀nyí. A mọ̀ pẹ̀lú pé Saskia, aya Rembrandt, kú ní ọdún 1642. Ọkàn ẹni a sì fẹ́ so ọ̀fọ̀ náà mọ́ ìjì yìí. Ṣùgbọ́n a kò fẹ́ fi agbára gbé àgbélébùú lé igi lórí. Ohun tí ó dá wa lójú ni pé ọwọ́ tí ó fi sùúrù ya ìjì, ìlà lórí ìlà, mọ ibi tí ó yẹ kí òun dúró. Ìmọ́lẹ̀ ti wà lójú tákàdá kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀; ti oníṣẹ́ ni kí ó má ṣe bò ó. Èyí, lójú tiwa, ni ìwàásù àwòrán náà.

Ẹ̀yin ará, láìpẹ́ àwa náà yóò dúró níwájú àwọn ọmọ. Bí a bá fi irú àwòrán yìí hàn wọ́n, kí a má ṣe yára wí pé, "Àgbélébùú nìyí." Ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n léèrè ibi tí ìmọ́lẹ̀ náà ti wá, kí a sì dákẹ́ díẹ̀.