Onígìtá ló dá ohùn orin sílẹ̀, ẹlòmíràn ló ń gbowó ẹ̀

Oorun ni Keith Richards ń sùn o, ọkùnrin náà fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́. Lọ́dún 1965, òun tó ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ olórin Rolling Stones nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ta jí lóru, ó nawọ́ mú gìtá ẹ̀, ó ta ohùn kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí i lórí, ó fi ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kékeré gbà á sílẹ̀, ló bá tún sùn lọ. Nígbà tílẹ̀ mọ́, kò rántí nǹkan kan. Ìgbà tó rí i pé téèpù ti yí dé ìparí ló tó dá a padà, kó lè gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀. Gìtá díẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà, ìhanrun ara ẹ̀ ló ń gbọ́ títí téèpù fi tán.

Gìtá díẹ̀ yẹn ló di "Satisfaction", orin tó gba ipò kìn-ínní l'Amẹ́ríkà lóṣù keje ọdún 1965, tó sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko níbẹ̀. Èyí tó tún wá pani lẹ́rìn-ín ni pé Richards ò fẹ́ kó jẹ́ gìtá ni wọn yóò fi gbé e jáde. Fèrè ló ní lọ́kàn. Gìtá olóhùn háháhá tí gbogbo ayé mọ̀ mọ orin náà lónìí, àpẹẹrẹ lásán ló pè é, kí àwọn onífèrè lè mọ ohun tí wọn yóò fun. Àwọn yòókù ló pọ̀ jù ú lọ, ni wọ́n bá gbé e jáde bẹ́ẹ̀. Kọ́dún náà tó parí, Otis Redding l'Amẹ́ríkà ti fi fèrè kọ orin kan náà.

Riff ni àwọn olórin òyìnbó ń pe irú ohùn bẹ́ẹ̀. Kì í gùn rárá, onígìtá á kàn máa ta á ní àtatúnta ni. Kí akọrin tó lanu, ẹ ti mọ orin tó ń bọ̀. Ẹni tí ò tiẹ̀ gbọ́ òyìnbó, tí ò mọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú orin náà, á máa fẹnu kọ ti gìtá. Ó dà bíi ti jùjú nílẹ̀ Yorùbá, tó jẹ́ pé bí gìtá King Sunny Ade bá ti dún lẹ́ẹ̀kan, ẹni tó wà ní yàrá kejì ti mọ ẹni tó ń ṣeré.

Ibi tí wàhálà wà ni pé, ta ló ni ohùn yẹn gan-an? Tẹ́ ẹ bá yẹ ara rẹ́kọ́ọ̀dù wò, ẹ óò rí orúkọ àwọn tó dá orin sílẹ̀ lábẹ́ àkọlé ẹ̀. Àwọn yẹn ni owó ẹni tó dá orin sílẹ̀ ń wá bá, lọ́dọọdún, títí wọn yóò fi kú, títí dé ọwọ́ àwọn ọmọ wọn. Ẹni tó wá sí sitúdíò, tó ta ohùn tó mú kí orin náà tà, bí orúkọ ẹ̀ ò bá ti sí níbẹ̀, owó yẹn ò kàn án.

Ẹ wo Chuck Berry. Ọdún 1958 ló gbé "Johnny B. Goode" jáde, gìtá tó fi bẹ̀rẹ̀ orin yẹn sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi kọ́ṣẹ́, tó fi mọ́ Keith Richards tó ń hanrun lẹ́ẹ̀kan. Àní nígbà tí Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ Voyager méjì ránṣẹ́ sí òfuurufú lọ́dún 1977, orin yẹn wà nínú àwo tí wọ́n fi wúrà bò tí wọ́n so mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n Berry fúnra ẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun kọ́ lòun dá ohùn ìbẹ̀rẹ̀ yẹn sílẹ̀. Ọwọ́ Carl Hogan ló ti gbà á, ọkùnrin tó ń ta gìtá fún Louis Jordan. Hogan ti ta á nínú orin kan lọ́dún 1946, ọdún méjìlá kó tó di ti Berry. Orin náà ti dé ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn kankan ò dé rí, àmọ́ mélòó nínú àwọn tó ń jó o ló mọ Carl Hogan?

Kò tán síbẹ̀ o. Johnnie Johnson tó máa ń tẹ dùùrù fún Berry gbé e lọ sí kóòtù lọ́dún 2000, ó ní orin tó lé ní àádọ́ta lòun àti ẹ̀ jọ dá sílẹ̀, tí orúkọ òun ò sì sí níbẹ̀. Lọ́dún 2002, adájọ́ da ẹjọ́ náà nù. Kí ló fà á? Ó ní ó ti pẹ́ jù. Ẹni tó dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ti "Layla" tún wá lọ́ọ̀rìn. Ìyàwó ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni ọkàn Eric Clapton ń fà sí. Pattie Boyd lorúkọ obìnrin náà, George Harrison ti ẹgbẹ́ Beatles lọkọ ẹ̀. Orin yẹn ni Clapton fi bẹ obìnrin náà lọ́dún 1970, ó sì padà fẹ́ ẹ lọ́dún 1979. Ìtàn ìfẹ́ yìí ni gbogbo ayé ń sọ. Ohun tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ni pé Duane Allman, ọmọ Amẹ́ríkà tó wá bá wọn ṣeré ní sitúdíò ní Miami, ló mú gìtá tó fi ariwo bẹ̀rẹ̀ orin náà wá. Inú orin tí Albert King, ọ̀gá olórin blues, kọ ló ti ṣa ohùn yẹn, ó wá mú un yára. Ṣùgbọ́n orúkọ Clapton àti Jim Gordon, onílù wọn, ló wà lára rẹ́kọ́ọ̀dù. Ti Allman ò sí níbẹ̀. Lóṣù kẹwàá ọdún 1971, ìjàǹbá alùpùpù pa á, ọmọ ọdún 24 péré ni. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni orin náà wá gbòde.

Èyí tó dé kóòtù tó ga jù ni ti ẹgbẹ́ Led Zeppelin. Gìtá jẹ́jẹ́ ni Jimmy Page fi bẹ̀rẹ̀ "Stairway to Heaven" lọ́dún 1971. Àwọn kan ní ó jọ "Taurus", orin tí Randy California, onígìtá ẹgbẹ́ Spirit, gbé jáde lọ́dún 1968, àti pé ọdún yẹn náà ni ẹgbẹ́ méjèèjì jọ ṣeré níbì kan náà. Randy ò gbé ẹnikẹ́ni lọ sí kóòtù títí tó fi kú. Lóṣù kìn-ínní ọdún 1997, òkun gbé e lọ ní Hawaii níbi tó ti ń dóòlà ẹ̀mí ọmọ ẹ̀. Ọmọ yè, bàbá lọ. Ẹni tó ń bójú tó ogún ẹ̀ ló pẹjọ́ lọ́dún 2014. Lọ́dún 2016, àwọn aráàlú tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà ní Los Angeles ní àwọn ò rí olè níbẹ̀. Lọ́yà àwọn Page ti ṣàlàyé pé irú ohùn tó ń sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ láyé, kò sẹ́ni tó lè ní tòun nìkan ni. Ìdájọ́ yẹn náà ló dúró lọ́dún 2020, tí kóòtù tó ga jù l'Amẹ́ríkà ní òun ò dá sí i.

Ẹ gbọ́ ohun tó wà nídìí ẹjọ́ yẹn o. Òfin tí wọ́n fi dá a ní ìwé tí wọ́n kọ orin sí, tí wọ́n fi pamọ́ sọ́dọ̀ ìjọba, nìkan ni kí wọ́n fi ṣe ìwéra, kì í ṣe ohun tó wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù. Bí onígìtá ṣe ta á, bó ṣe dún létí aráyé, ìyẹn ò sí nínú ìwé. Ohun tí ò bá sì sí nínú ìwé, adájọ́ ò mọ̀ ọ́n.

Èkó náà ní tiẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 1973, orin Paul McCartney kan, "My Love", gba ipò kìn-ínní l'Amẹ́ríkà. Ó ti ní ohun tó fẹ́ kí gìtá ta láàárín orin náà, ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo òṣèré ti jókòó, Henry McCullough, onígìtá ẹ̀, ní kó jẹ́ kóun dán nǹkan mìíràn wò. Ohun tó ta lójú ẹsẹ̀ ló wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù dòní. Orúkọ Paul àti Linda ìyàwó ẹ̀ ló sì wà lára orin. Lọ́dún yẹn náà, ọ̀rọ̀ ohun tí Henry yóò ta dìjà láàárín àwọn méjèèjì, ni Henry bá fi ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Láìpẹ́ sígbà yẹn, McCartney wọ bàálù wá sí Èkó láti wá ṣe àwo "Band on the Run" ní sitúdíò EMI tó wà l'Ápápá. Ni Fẹlá bá figbe bọnu pé ó wá jí orin aláwọ̀ dúdú gbé. McCartney ní kó máa bọ̀ ní sitúdíò, ó sì jẹ́ kó gbọ́ gbogbo ohun tó ti ṣe. Fẹlá gbọ́ ọ, ó rí i pé kò sí tòun níbẹ̀, ìjà parí. Ta ló wá jalè? Àwọn adigunjalè tó yọ ọ̀bẹ sí McCartney àti ìyàwó ẹ̀ lójú pópó ni, àwọn ni wọ́n gba kásẹ́ẹ̀tì orin tó ń múra ẹ̀ sílẹ̀ lọ.

Ṣé kò wá sáwọn tó ṣe é dáadáa ni? Wọ́n wà. Lọ́jọ́ kẹrin, oṣù kejìlá, ọdún 1971, kàsínò ìlú Montreux, ní Switzerland, jóná níbi tí Frank Zappa ti ń ṣeré lọ́wọ́. Ẹnìkan nínú èrò ló yin iná sókè. Ẹgbẹ́ Deep Purple tó fẹ́ gba orin sílẹ̀ nínú ilé yẹn rí èéfín tó bo ojú omi, wọ́n sì fi kọ "Smoke on the Water". Ohùn mẹ́rin péré ni Ritchie Blackmore lò fún gìtá ẹ̀, ó rọrùn débi pé òun lẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra gìtá sábà máa ń kọ́kọ́ dán wò. Blackmore ló ni gìtá lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn márààrún ni orúkọ wọn wà lára orin náà, látorí akọrin títí dórí onílù. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nígbà náà nìyẹn. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun náà ni yóò ru igbá ẹ̀ délé.

Ọ̀rọ̀ yìí ò sì mọ sọ́dọ̀ olórin nìkan. Téèyàn bá ń bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́, tí wọ́n jọ ń jẹ, tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín, ojú á máa tì í láti béèrè ibi tí orúkọ òun máa wà. Ọjọ́ tí nǹkan bá wá tà ló máa ń rántí. Ọjọ́ yẹn ti pẹ́ jù, ẹ bi Johnnie Johnson. Ìgbà tí kọ́bọ̀ ò tíì wọlé ni kẹ́ ẹ jọ sọ ọ́, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń rí kásẹ́ẹ̀tì tó máa jẹ́rìí fún un bó bá jí láàárọ̀.