Pijó Bàbá Mi àti Àwọn Tó Ní Kí N Tà Á

Àwọn kan ti ń béèrè ohun tí mo ń fi owó oṣù mi ṣe tí bàtà ẹsẹ̀ mi fi gbó báyìí. Peugeot 504 ni, píkọ́ọ̀pù tí bàbá mi fi ń kó gbàgúdá láti oko wá sí ọjà Ayétòrò. Ọdún méje ni ó lò lábẹ́ igi máńgòrò kí n tó fọwọ́ kàn án. Àwọn ẹbí ní kí a gbé e fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, kí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n. Mo ní rárá.

Ọkọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ọdún 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé, ọdún 1975 sì ni ilé iṣẹ́ tí ń to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà mẹkáníìkì ní Ìlaròó fi lè fi ojú dídì tú kabúrétọ̀ rẹ̀. Ó ń mu epo o, mo gbà. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Wọ́n tún ní kí n lọ ra tòkunbọ̀. Ẹ jẹ́ kí á tú ọ̀rọ̀ náà wò: ti òkun bọ̀. Orúkọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun ni kí ó tó di ti ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ní ìhà Yewa tiwa, èbúté Kútọnu ni òkun ti ń já ọkọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀; ilẹ̀ ni wọ́n ń gbà wọ Ìdìrókò. (Gbalẹ̀bọ̀ ni wọn ì bá máa jẹ́!) Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fi òfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, wọ́n ti ẹnubodè pa, ti Ìdìrókò kò sì ṣí títí di ọdún 2022. Nígbà tí náírà tún já wálẹ̀ ní ọdún 2023, owó tòkunbọ̀ fò kọjá orí olùkọ́ bíi tèmi.

Èésú ni mo fi ń tún un ṣe. Àwa mẹ́wàá ni a jọ ń dá a, ó sì ń kàn mí lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́wàá. Owó àkọ́kọ́ lọ sórí ìjánu. Àwọn ará àdúgbò rẹ́rìn-ín: ọkọ̀ tí kò tíì rìn, ẹ ti ń wá bí yóò ṣe dúró! Ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn tó kọ́kọ́ kun ọ̀dà. Ọkọ̀ wọn ń dán lórí búlọ́ọ̀kù títí ìpẹtà fi jẹ ẹ́ láti inú wá. Owó kejì wọ inú ẹ́ńjìnnì, ẹ̀kẹta sì tẹ̀lé e. Ajórinmọ́rin ti fi ẹ̀kẹrin lẹ ilẹ̀ ọkọ̀ tó ti dá lu.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kan àwa onímọ̀ èdè rèé. Orí táyà àlòkù ni mo máa ń jókòó sí ní ọgbà mẹkáníìkì, tí n ó sì máa gbọ́ gírámà. Ìjánu ẹṣin ti di ìjánu ọkọ̀. Ẹni tí ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe ni rewáyà: lẹ́nu Òyìnbó, iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí, àwọn ènìyàn wa ni wọ́n sọ ọ́ di orúkọ oníṣẹ́, wọn kò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ kankan. Akẹ́kọ̀ọ́ mi tó ń wá àkọlé iṣẹ́ ìwádìí kiri kò dé ibẹ̀ rí. Èyí ń dùn mí ju owó lọ.

Nígbà ayé bàbá mi, ọmọ iṣẹ́ méje ni ọ̀gá mẹkáníìkì wa ní. Ẹyọ kan ló kù. Ọ̀kadà ni àwọn yòókù ń gùn. Mo bi í léèrè ohun tí yóò ṣe bí èyí náà bá lọ. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Dókítà, ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ẹ tètè máa kọ ọ́."

Ní oṣù tí ń bọ̀, èésú yóò tún kàn mí. Wáyà ló kù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ bá mi lọ, kí ó mú ìwé àti gègé lọ́wọ́, kí ó má sì wọ aṣọ funfun.