Ọpọ́n Ayò Yàtọ̀ sí Ọpọ́n Ifá

Géèmù orí kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Bí ìyá kan bá mú ọmọ rẹ̀ wá bá babaláwo, tó ní ọmọ òun ti ń dá "Ifá òyìnbó" lórí kọ̀ǹpútà, tó sì ń bèèrè ẹbọ tí òun yóò rú, ọ̀rọ̀ ti kan awo nìyẹn.

Balatro ni orúkọ géèmù náà. Ọmọ Kánádà kan tó fi orúkọ rẹ̀ gan-an pamọ́, tó ń pe ara rẹ̀ ní LocalThunk, ló ṣe é. Oṣù Kejì ọdún 2024 ló jáde, kó sì tó pé ọdún kan, ó ti tà ju mílíọ̀nù 5 lọ. Káàdì póókà ni wọ́n fi ń ṣeré níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣe é yóò máa to káàdì pọ̀ kí máàkì rẹ̀ lè tó iye tí géèmù bèèrè, iye náà yóò sì máa pọ̀ sí i. Ìgbà tí máàkì kò bá ti tó, eré parí. Gbogbo ohun tó kó jọ ti dànù, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, káàdì tí yóò bá pàdé kò sì ní rí bíi ti àná. Irú géèmù báyìí ni òyìnbó ń pè ní roguelike, nítorí géèmù kan tó ń jẹ́ Rogue tó jáde lọ́dún 1980. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dÍfá ọrọọrún.

Ohun tó dẹ́rù ba ìyá yẹn ni àwọn káàdì 22 tí wọ́n ń pè ní tarot nínú géèmù náà. Ọ̀kan ń jẹ́ Ikú, òmíràn ń jẹ́ Ẹni Tí Wọ́n So Kọ́. Àwòrán wọn lè dẹ́rù bani lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń ṣe? Ikú ń sọ káàdì kan di irú èkejì rẹ̀. Ẹni Tí Wọ́n So Kọ́ lè pa káàdì méjì rẹ́. Adánìkangbé ń sọ owó eré di ìlọ́po méjì. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń sọ ọ̀la ẹnikẹ́ni. Mo ní kí ìyá náà mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé, pé kò sí ẹbọ tí mo rí níbẹ̀. Awo tó bá gba owó ẹbọ lọ́wọ́ òbí nítorí káàdì orí kọ̀ǹpútà, ebi ló ń pa á, Ifá kọ́ ló rán an.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn tarot fúnra rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ rò pé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ti fi ń wo ọjọ́ iwájú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àríwá Ítálì ló ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1440, eré káàdì lásán sì ni. Ó lé ní 300 ọdún tí wọ́n fi ń ta káàdì yìí kí ará Faransé kan, Antoine Court de Gébelin, tó kọ ọ́ sínú ìwé lọ́dún 1781 pé ọgbọ́n àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀. Kò mú ẹ̀rí kankan wá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni iṣẹ́ fífi tarot wo ọjọ́ iwájú tó gbilẹ̀. Títí dòní, wọ́n ṣì ń fi káàdì tarot ṣeré nílẹ̀ Faransé. Nítorí náà, tí tarot bá bọ́ sínú géèmù, ilé rẹ̀ ló padà sí.

Ìrìn àjò Ifá kò jọ èyí rárá. Ẹ wo ọpọ́n. Ọpọ́n la fi ń ta ayò, ọpọ́n náà la fi ń tẹ Ifá. Agbẹ́gilére kan náà lè gbẹ́ méjèèjì lára igi kan ṣoṣo. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó máa rí àwọn àgbàlagbà nídìí ayò tí yóò ní wọ́n ń dÍfá.

Kí ló wá yà wọ́n sọ́tọ̀? Ẹni tó ń bèèrè ni. Nínú Balatro, kọ̀ǹpútà ń bẹ̀rẹ̀ eré kọ̀ọ̀kan láti orí àmì mẹ́jọ kan, létà àti nọ́ńbà, tí wọ́n ń pè ní èso. Tí èèyàn méjì bá fi èso kan náà bẹ̀rẹ̀ irú eré kan náà, ọ̀kan ní Èkó, èkejì ní Lọ́ńdọ̀nù, káàdì kan náà ni géèmù yóò gbé síwájú àwọn méjèèjì. Kò mọ ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀. Ifá kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wá bèèrè yóò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí owó. Awo yóò júbà kó tó gbọ́n ikin. Nígbà tí odù bá yọ, awo yóò máa ki ẹsẹ rẹ̀ títí oníbèéèrè yóò fi gbọ́ èyí tó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Ìbọ yóò wá ṣàlàyé èyí tó kù. Odù kan náà lè yọ fún èèyàn méjì kí ọ̀rọ̀ wọn má sì papọ̀.

Mo máa ń gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń yangàn pé 256 ni odù Ifá, pé àmì mẹ́jọ tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣírò náà ń bí 256. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìjọra nìyẹn, kì í ṣe ìbátan. Bí ẹnì kan bá ṣe ohun tí ọmọ ilé ìwé lè fi kọ́ orúkọ odù lórí fóònù, mo yìn ín. Bó bá wá ní kéèyàn tẹ fóònù kí odù yọ, kó sanwó, kó sì lọ rúbọ, ayò ló ń ta, ó kàn pè é ní Ifá ni.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà nínú géèmù yìí tó wúlò fún wa. Windows ni wọ́n ṣe Balatro fún lórí kọ̀ǹpútà nígbà tó jáde, kò ní ti Linux. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ awo mi tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sì ń ṣe é lórí Linux, ètò tí Linus Torvalds ará Finland bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1991. Mo ní báwo ló ṣe ṣeé ṣe? Ó ní Proton ni. Ilé iṣẹ́ Valve gbé e jáde lọ́dún 2018, orí iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Wine ni wọ́n sì kọ́ ọ lé, èyí tó ti wà láti ọdún 1993. Ògbufọ̀ ni Proton. Tí géèmù bá fi èdè Windows ní kí wọ́n ṣí fáìlì tàbí kí wọ́n ya àwòrán, Proton yóò gbọ́ ọ, yóò sì fi èdè Linux ránṣẹ́. Géèmù náà fúnra rẹ̀ kò yí padà. Àwọn géèmù kan ṣì wà tí kò lè bá a ṣiṣẹ́, pàápàá àwọn tó ní ẹ̀ṣọ́ tó ń lé oníjìbìtì, èyí tí Linux bá kò kì í wọlé.

Bó ṣe yẹ kí a gbé Ifá dé ibi tuntun nìyẹn. Àwọn babaláwo Cuba ń fi èdè Spéènì ṣàlàyé fún oníbèéèrè. Ahọ́n ti yí orúkọ Éjì Ogbè díẹ̀ lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n odù kò yí. Ògbufọ̀ rere kì í gé ọ̀rọ̀, kì í fi tirẹ̀ kún un.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ ṣe géèmù láti inú ìtàn Ifá, ẹ ṣe é, nítorí bí ẹ kò bá ṣe é, àjèjì yóò ṣe é bó ṣe wù ú. Ẹ lọ jókòó ti àwọn awo kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ẹsẹ tí ẹ fúnra yín hun sábẹ́ orúkọ odù. Ohun tó jẹ́ ti igbódù, ẹ fi í sílẹ̀ ní igbódù. Kí ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà síwájú rẹ̀ pé eré ni.

Ẹ̀yin òbí, ẹ wo iye wákàtí tí ọmọ ń lò nídìí géèmù àti owó tó ń ná sí i. Iṣẹ́ òbí nìyẹn, ẹ má ṣe gbé e fún babaláwo.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.